Bí A Ṣe Ń Bá Ọmọ Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ Wọ Bàálù Láti Èkó Dé Lọ́ńdọ̀nù

Láti pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni bàálù máa ń lò lójú sánmà. Àgbàlagbà tó bá jẹun tán, tó wo fíìmù kan, tó sì fi orí lé ìrọ̀rí díẹ̀, kò ní mọ bí àkókò náà ṣe lọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó gbé ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tàbí ọdún méjì dání, nítorí pé ọmọ tó wà ní ìpele tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ti mọ ohun tó ń fẹ́, kò tíì ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́, kò sì ní sùúrù tí yóò fi dúró dè é. Ọmọ ọwọ́ oṣù mẹ́rin rọrùn láti gbé rìn jù ú lọ, torí ọmú àti oorun ló kù fún un láyé. Ọmọ ọdún mẹ́rin náà sàn, ó ṣeé bá ṣe àdéhùn. Èyí tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀, òun sì ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Ẹkún ọmọ nínú bàálù ní ìdí, ìdí náà kò sì pọ̀: etí ń dùn ún, ebi tàbí òǹgbẹ ń pa á, oorun ti kún ojú rẹ̀ tí kò rí i sùn, tàbí wọ́n so ó mọ́ àga nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ rìn. Òbí tó bá ń wá ìdí yóò rí nǹkan ṣe sí i. Òbí tó bá ń wá ojú rere àwọn tó jókòó yí i ká ni yóò máa bẹ̀bẹ̀ lọ́tùn-ún, tí yóò máa jágbe mọ́ ọmọ lósì, tí ẹkún kò sì ní dá.

Kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì

Púpọ̀ nínú àwọn bàálù tó ń ti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń gbéra lálẹ́, wọ́n á sì gúnlẹ̀ ní ìdájí. Ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn máa ń fún òbí ni pé kó mú ti alẹ́ torí ọmọ yóò sùn. Èmi kò fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Bàálù tó máa gbéra ní aago mọ́kànlá alẹ́ fẹ́ kí èrò ti dé pápákọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ẹni tó sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn tàbí láti Lẹ́kkí yóò ti wà lójú títì láti ọ̀sán nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Oorun ọmọ yóò dé nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ìlà, níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ gbòò, tí ariwo pọ̀, tí àwọn ènìyàn ń ti ẹrù kọjá lára yín. Ọmọ yóò bá oorun náà jà, nígbà tí ẹ bá sì fi jókòó nínú bàálù, kò ní sí ohun tó lè mú un sùn mọ́. Kò sí ọmọ tó ṣòro láti tù nínú bí irú èyí.

Bí bàálù ọ̀sán bá wà tí owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti alẹ́ lọ, òun ni kí ẹ mú. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ọmọ sun oorun ọ̀sán tó gùn lọ́jọ́ ìrìnàjò. Àwọn kan máa ń fi oorun du ọmọ látàárọ̀, wọ́n ní kó lè rẹ̀ ẹ́ kó tó wọ bàálù. Ọmọ tó ti rẹ̀ kọjá ààlà kì í sùn, inú ló máa ń bí i.

Ní ti ìjókòó, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè jókòó lórí itan òbí rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù sì máa ń gbà lórí rẹ̀. Tó bá ti pé ọdún 2, àga tirẹ̀ di dandan. Bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá bọ́ sí àárín àlọ àti àbọ̀, ẹ ó ra àga fún un nígbà àbọ̀, nítorí náà ẹ wo kàlẹ́ńdà dáadáa kí ẹ tó yan ọjọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó ra àga fún ọmọ tó ti lé ní ọdún kan ààbọ̀ bí òfin kò tilẹ̀ tíì béèrè rẹ̀, torí ọmọ kílò mọ́kànlá lórí itan fún wákàtí mẹ́fà kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán sọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ibùsùn kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ ògiri iwájú tàn yín jẹ. Ó ní ìwọ̀n tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ jù, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti ń rìn ló sì ti kọjá rẹ̀. Àga tó kọjú sí ògiri yẹn fi ààyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ìgbọ́wọ́lé rẹ̀ kì í sábà ká sókè, gbogbo àpò yín ló sì gbọ́dọ̀ lọ sínú àpótí òkè nígbà tí bàálù bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ẹ máa nílò omi ọmọ. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí kò jìnnà sí ẹ̀yìn bàálù, ni mo fẹ́ràn jù: ẹ lè dìde láìbẹ ẹnikẹ́ni, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì jìnnà.

Ìwé kò gba àlàyé púpọ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀ àti físà tirẹ̀. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání. Bí ó bá jẹ́ òbí kan péré ló ń bá a lọ, ẹ mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí òbí kejì fọwọ́ sí àti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, pàápàá bí orúkọ bàbá tó wà lára ìwé ọmọ bá yàtọ̀ sí ti ìyá. Ẹ bá ilé iṣẹ́ bàálù sọ̀rọ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú bí ẹ bá fẹ́ oúnjẹ ọmọdé.

Àpò tí ẹ máa gbé wọnú bàálù

Ẹ ṣírò wákàtí láti ẹnu ọ̀nà ilé yín dé ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ, kì í ṣe wákàtí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ mú pampers kan fún wákàtí méjì-méjì, kí ẹ sì fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un. Ní àsìkò ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, kùrukùru lè mú kí bàálù má lè gbéra ní Èkó fún wákàtí púpọ̀, mo sì ti rí ìyá tó ń wá pampers yá láàárín èrò tí kò mọ̀ rí. Aṣọ ọmọ, ẹ mú méjì. Aṣọ tiyín, ẹ mú ẹ̀wù kan ó kéré tán, torí ọmọ tó bá bì kì í bì sára tirẹ̀ nìkan. Ẹ mú ọ̀rá bíi mélòó kan tí ẹ lè di èyí tó rùn sí.

Ní ti oúnjẹ, ohun tó ń jẹ nílé ni kí ẹ gbé. Bàálù kì í ṣe ibi tí a ti ń kọ́ ọmọ ní oúnjẹ tuntun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ànàmọ́ sísè tí ẹ gé wẹ́wẹ́, búrẹ́dì, àkàrà tí kò lépo púpọ̀ àti ògì tó ki díẹ̀ nínú fúláàsì kékeré dára. Ẹ fi ẹ̀pà, ṣinṣín líle, gúgúrú àti súìtì sílẹ̀ nílé, nítorí wọ́n lè há ọmọ lọ́fun, bàálù tó sì ń mì kò ní jẹ́ kí ẹ tètè ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ kì í jẹ́ kí èrò gbé ohun olómi tó ju mìlílítà 100 lọ kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ̀ǹda mílíìkì àti omi ọmọ ní ìwọ̀n tó tó ìrìnàjò náà. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá kan, kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n tó béèrè. Míìtì páì tí ọmọ kò bá jẹ tán, ẹ fi sílẹ̀ nínú bàálù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran láti Nàìjíríà wọlé, ìbáà jẹ́ èyí tó wà nínú páì.

Ọ̀já ńkọ́? Ẹ má gbàgbé ọ̀já. Kẹ̀kẹ́ ọmọ wúlò, àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà bàálù, àmọ́ láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀yìn yín ni ọmọ máa mọ̀. Mi ò tíì rí ohun ìṣeré kankan tó lè ṣe ohun tí ọ̀já ń ṣe fún ọmọ tí a ti ń pọ̀n láti kékeré.

Ohun ìṣeré gan-an, ẹ mú èyí tí kì í dún. Ẹ kó mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò rí rí sí ìsàlẹ̀ àpò, kí ẹ máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá ti sú u. Bébà àti lẹ́ẹ̀dì oníàwọ̀, ìwé alámọ́ra tí ọmọ lè ya kúrò kó sì lẹ̀ mọ́ tábìlì àga, àti ike kékeré tó ní ìdérí tí ó lè máa ṣí kó máa dé, gbogbo wọn ló ń gba àkókò. Fóònù àti àwòrán kò burú. Àwọn tó máa ń sọ pé ọmọ kò gbọ́dọ̀ wo fóònù rárá kì í sábà sí níbẹ̀ ní wákàtí karùn-ún. Ẹ kàn gba àwòrán náà sílẹ̀ láti ilé, kí ẹ sì fi í pamọ́ títí tí ohun mìíràn kò bá ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn gba ìkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni wọ́n ti sọ fún pé kó fún ọmọ ní Phenergan tàbí Piriton, oògùn ara yíyún tó máa ń múni tòògbé, kó lè sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Phenergan lè dí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lọ́wọ́ láti mí dáadáa, ó sì ti pa ọmọ rí. Kódà lára ọmọ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè yí padà, kí ọmọ tí ẹ fẹ́ kó sùn máa fò sókè sódò ní gbogbo òru. Parasitamọ́ọ̀ ọmọdé ni kí ẹ mú dání fún ìrora tàbí ibà, ẹ sì fún un ní ìwọ̀n tí dókítà tàbí apòògùn bá sọ fún yín gẹ́gẹ́ bí kílò rẹ̀ ti rí. Bí ọ̀fìnkìn tó lágbára bá ń ṣe é tàbí tí etí rẹ̀ ń dùn ún láti ilé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé.

Ní pápákọ̀

Ẹ jẹ́ kó rìn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ẹrù wò tán, ẹ wá igun tí èrò kò sí, kí ó sáré, kí ó gun àga, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó ka bàálù láti ojú fèrèsé. Ìjókòó púpọ̀ ń bọ̀ níwájú. Wọ́n máa ń pe àwọn tó ní ọmọ kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé, inú rere sì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ àgbà méjì, kí ẹnì kan lọ to ẹrù sókè, kí ẹnì kejì sì bá ọmọ ṣeré lẹ́nu ọ̀nà títí tí ìlà yóò fi tán. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ bá yọ kúrò nínú ìjókòó ọmọ kì í ṣe kékeré.

Etí

Bí bàálù bá wà lókè, wọ́n máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dà bíi ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Nígbà tó bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlù etí máa ń rí ọ̀nà jáde fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ ní láti padà wọlé gba ihò tín-ín-rín kan tó so etí pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn imú. Ihò yìí tóóró lára ọmọdé, kò sì dagun bíi ti àgbàlagbà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tètè dí, pàápàá bí ọ̀fìnkìn bá wà níbẹ̀. Gbígbé nǹkan mì ló ń ṣí i. Àgbà mọ bí a ṣe ń gbé itọ́ mì. Ọmọ tó ń sùn kì í sábà gbé nǹkan mì.

Ẹ ó rí i kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ọmọ tó ti ń sùn yóò la ojú lójijì, yóò fi ọwọ́ gbo etí kan, yóò mi orí, yóò sì na ẹ̀yìn gbọnrangandan lórí itan yín kí igbe tó jáde. Bí ẹ bá gbìyànjú láti fún un lómi ní àkókò yẹn, ó lè ti ife dànù, torí ìrora kò jẹ́ kó ṣí ẹnu. Nítorí náà, ẹ má dúró dè é. Bàálù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó balẹ̀; ẹ ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì tó rẹlẹ̀, awakọ̀ tàbí àwọn òṣìṣẹ́ náà yóò sì kéde rẹ̀. Ẹ rọra jí ọmọ nígbà náà, kí ẹ fún un lọ́mú bó bá ṣì ń mu ún, tàbí kí ẹ fún un ní ohun mímu tó fẹ́ràn jù nínú ife tó ní sítírọ́ọ̀, ní díẹ̀díẹ̀, kó lè máa gbé e mì lọ títí. Ohun mímu yìí ni kí ẹ fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti fún un tán lókè kò ní ohun ìjà mọ́ nígbà tí ìjà bá dé.

Nígbà tí ẹkún bá bẹ́

Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an, nítorí náà omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́, bí kò tilẹ̀ béèrè. Ẹ wo pampers. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bóyá ooru ń mú un tàbí òtútù, torí aṣọ tí a wọ̀ fún un nítorí Lọ́ńdọ̀nù lè máa sè é nínú bàálù. Bí kò bá sí èyí tó jẹ́, ẹ dìde, bí iná bẹ́líìtì kò bá tàn. Ẹ pọ̀n ọ́n, kí ẹ rìn lọ sí ẹ̀yìn bàálù níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń dún kíkankíkan, kí ẹ máa mì díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé. Òkùnkùn, ìró kan náà tí kò dáwọ́ dúró, àti ìgbóná ẹ̀yìn ìyá tàbí ti bàbá máa ń mú ojú rẹ̀ wá sílẹ̀. Bí iná bẹ́líìtì bá tàn, ẹ padà sí ìjókòó, kí ẹ tú ọ̀já, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì ọmọ dè é, torí ọ̀já kò lè dá ọmọ dúró nígbà tí bàálù bá mì jìgìjìgì lójijì.

Ẹ má pariwo lé ariwo. Bí ọmọ bá ti ké dé ibi tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, àlàyé kò wọ etí rẹ̀, ìbéèrè kò sì wọ̀ ọ́. Ẹ fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, kí ẹ máa kì í ní ohùn tó rẹlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, oríkì rẹ̀, ti bàbá rẹ̀, ti ìlú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí. Kì í ṣe pé ọmọ ọdún méjì mọ ìtàn tó wà nínú Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́. Ohùn tó mọ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé ló ń gbọ́, yóò sì dákẹ́ díẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Lílù kò wúlò rárá níbí. Ìdí méjì ni yóò máa sunkún fún lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn aládùúgbò inú bàálù ńkọ́? Bàálù tó ń ti Èkó bọ̀ ní oore kan tí ọ̀pọ̀ bàálù mìíràn kò ní: gbogbo ènìyàn ló mọ ọmọ tọ́. Ẹni kan yóò ní, “Ìyá ọmọ, ẹ fún un lómi,” ẹlòmíràn yóò ní, “Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ooru ló ń mú un.” Ẹ kí wọn, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ má sì gbìyànjú láti tẹ̀lé gbogbo rẹ̀. Nígbà kan, ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú wa tú gèlè rẹ̀, ó fi bo ojú, ó ń yọjú láàárín àga méjì, ó sì tún ń fara pamọ́. Ọmọ tó ti ń ké láti ìgbà tí wọ́n pín oúnjẹ dákẹ́ wò ó, ẹkún náà sì di ẹ̀rín. Ojú àjèjì máa ń ṣe ohun tí ojú òbí kò lè ṣe mọ́. Bí irú wọn bá ní kí ẹ gbé e wá, tí ọkàn yín sì balẹ̀, ẹ gbé e fún wọn nígbà tí ẹ ṣì ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ sì fi àkókò náà jẹun tàbí kí ẹ lọ tọ̀. Ẹni tó bá ń pòṣé, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ọmọ lẹ ń tọ́jú, kì í ṣe òun.

Àwọn tó ń lọ sí Atlanta ní Amẹ́ríkà lè sọ gbogbo èyí di ìlọ́po méjì, torí nǹkan bíi wákàtí méjìlá ni ìrìnàjò wọn, ohun gbogbo tí mo kà sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, pàápàá sùúrù àti pampers.

Lẹ́yìn tí ẹ bá balẹ̀

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bóyá ẹnu ọ̀nà bàálù ni kẹ̀kẹ́ ọmọ yóò ti jáde tàbí níbi tí ẹrù ti ń yí, kí ẹ má baà dúró lásán. Ìlà àwọn tó ń wo ìwé ìrìnnà lè gùn, nítorí náà ẹ fi oúnjẹ díẹ̀ àti ohun ìṣeré kan tí kò tíì rí sílẹ̀ fún ibẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wá gbé yín, ẹ sọ fún un ṣáájú pé kó mú àga ọmọ tí wọ́n ń so mọ́ inú mọ́tò wá. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọmọ máa lò ó títí tí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, ọmọ tí ẹ gbé lé itan nínú mọ́tò ẹ̀gbọ́n yín sì lè kó o sínú owó ìtanràn. Ní ti aago, láti ìparí oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹwàá, ọ̀kan náà ni aago Èkó àti ti Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ kò ní mọ ìyàtọ̀. Nígbà òtútù, Èkó fi wákàtí kan ṣáájú, nítorí náà bó bá ń jí ní aago mẹ́fà nílé, aago márùn-ún ni yóò máa jí yín níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ta kọ́tìnnì tó nípọn sójú fèrèsé, kí ẹ sì jẹ́ kí ògì àárọ̀ rẹ̀ wà nítòsí.